Rẹfirí Tí Kò Sọ̀rọ̀

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹfà

Òjò láti ìdájí. Bàbá àwọn ọmọ mi gun òrùlé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ní òun ti dí ibi tó ń jò. Òótọ́ ni, ó dí i. Ibi méjì mìíràn ló ń jò báyìí.

Ọ̀gá pè wá jọ sí yàrá rẹ̀. Apẹja, bí a ṣe ń pe dókítà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ dídì jáde nínú ọpọlọ, ló kọ́kọ́ dé, ó gbé ìgò lọ́wọ́, ó ń fi ẹ̀jẹ̀ dídì tó fi àwọ̀n wáyà rẹ̀ fà jáde nínú orí ẹnìkan lánàá hàn wá. Ó ní òun nìkan ni apẹja tí kì í parọ́ bí ẹja òun ṣe tóbi tó. Ọ̀gá ní kó gbé ìgò náà kúrò lórí tábìlì òun.

Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn fẹ́ gba èsì iṣẹ́ wa ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Ìbéèrè wọn kò gùn: bí Apẹja bá ti fa ẹ̀jẹ̀ dídì jáde lórí ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọ lù, ṣé àwòrán ọpọlọ tí a yà ní ọjọ́ kejì lè sọ bí ẹni náà yóò ṣe rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta? Ọ̀gá tún ka òfin fún wa bí ẹni pé ọmọ iléèwé ni wá. Èmi ni n óò ka àwòrán, n óò sì fi òǹkà sí i, láti òdo, ìyẹn ẹni tí kò sí ohun tó ṣe é mọ́, títí dé ẹ̀fà, ìyẹn ẹni tó ti lọ. Ọ̀gá á ti òǹkà mi pa. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yí i padà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nọ́ọ̀sì tí kò mọ ohun tí mo kọ á lọ wo aláìsàn nílé, á kọ tirẹ̀. Títí di òní, òǹkà tèmi àti ti nọ́ọ̀sì náà kì í sábà jìnnà síra wọn, n kò sì ní í purọ́, ó ń dùn mọ́ mi.

Kí ìgbìmọ̀ tó pinnu, wọ́ọ̀dù ti ń lo àwòrán mi. Ẹnìkan ṣoṣo la ní tó ń kọ́ àwọn tí àìsàn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn bí wọn yóò ṣe tún máa sọ̀rọ̀. Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ la ń pè é. Nítorí pé kò lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, mo dá ìlànà kan sílẹ̀: ẹni tí apá òsì ọpọlọ rẹ̀ bá fara pa, níbi tí ọ̀rọ̀ ń gbé, òun ni Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ yóò rí. Kò fẹ́ràn ìlànà náà. Ó ń tẹ̀ lé e.

Ọjọ́rú, 6

Àwòrán mẹ́rin. Ẹ̀kẹta ló wù mí jù: ọkùnrin, ó lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, rẹfirí bọ́ọ̀lù. Apá ọ̀tún ọpọlọ. Apẹja fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń fọ́nnu káàkiri. Ibi tó kú kò tóbi, ó wà níwájú. Ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé: ọ̀tún. Nítorí náà apá òsì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbé, nǹkan kan kò sì ṣe ibẹ̀. Mo kọ ení. Ọwọ́ òsì á lọ́ra díẹ̀, ẹnu á já geere.

Búrẹ́dì tún ti gbówó lórí. Ẹlẹ́búrẹ́dì ní ìyẹ̀fun ló fà á. Kì í ṣe àwọn rí.

Ọjọ́ Ajé, 11

Òjò. Ẹ̀rọ àwòrán kọṣẹ́ láàárọ̀. Mo to tábìlì mi, mo rí gíláàsì ojú mi tó sọnù láti ọdún tó kọjá.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Obìnrin kan kan ilẹ̀kùn mi. Àwọn ará ilé aláìsàn kì í dé ọ̀dọ̀ mi. Inú yàrá ṣíṣú ni mo ń jókòó sí, èmi àti ojú kọ̀ǹpútà mẹ́ta, ó sì bá mi lára mu bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ni ìyàwó Rẹfirí. Òwú ìránṣọ lẹ̀ mọ́ ọn léjìká. Ó ní ṣọ́ọ̀bù òwú àti bọ́tìnnì lòun ti ń bọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, dókítà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ wo inú orí ọkọ mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ yẹn jáde, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan. Ṣé ó ṣì máa sọ̀rọ̀?"

Mo fa àga fún un. Mo ṣí àwòrán náà, mo sì fi ìka tọ́ka sí i. Mo fẹ́ràn kí n máa ṣàlàyé, Ọlọ́run ló dá mi bẹ́ẹ̀.

"Ẹ wò ó, mà. Ibí ni ọ̀rọ̀ ń gbé, ní òsì. Nǹkan kan ò ṣe é. Ibi tó bàjẹ́ nìyí, ní ọ̀tún. Ọ̀tọ̀ ni ilé ọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ ni ilé tó jó."

"Ṣé ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ ni pé ó lè sọ̀rọ̀, tó bá fẹ́?"

"Tó bá ti wù ú, mà, á sọ̀rọ̀."

Kò gbójú kúrò lára àwòrán náà. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì lọ. Mo rò pé ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Mo ka àwòrán méjì sí i kí n tó lọ jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó ní Rẹfirí kò tíì sọ̀rọ̀. Wọ́n fún un ní bírò, ó fa ìlà wọ́gọwọ̀gọ kan, ó sọ bírò nù. Gbogbo ohun tó ń ṣe kò ju kó máa fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Wọ́n ti wo ẹsẹ̀ náà títí, egbò kan kò sí níbẹ̀. Dókítà wọ́ọ̀dù ti kọ ọ́ pé ìbànújẹ́ ọkàn ni.

"Ẹ jẹ́ kí n rí ọkùnrin yẹn," ló ní.

"Apá ọ̀tún ni tirẹ̀. Àwọn apá òsì mẹ́fà ń dúró dè yín."

"Ẹ wá wò ó fúnra yín, dókítà. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Mo ní ojú kọ̀ǹpútà ni tèmi wà. Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín dáadáa.

Ọjọ́ Àìkú, 24

Bàbá àwọn ọmọ mi tún gun òrùlé. Mo di àkàbà mú fún un. A kò bára wa sọ̀rọ̀ títí ó fi sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 28

Òjò ká wa mọ́ abẹ́ ìbòrí níwájú ilé ìwòsàn, èmi àti ìyàwó Rẹfirí. Mo kí i. Ó ní wọ́n á dá ọkọ òun sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin á sì wá mú un lọ sí ilé tirẹ̀, ní ìlú mìíràn.

"Kí ló dé tí kò ní í bá yín lọ sílé?"

"Kò fẹ́ mi mọ́, dókítà."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ó ń wo òjò, ó ń sọ̀rọ̀ lọ.

"Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣubú, mi ò rí kọ́kọ́rọ́ gèètì. Òun ló ti gèètì ní ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀, nígbà tó ti pápá dé. Mo ti pẹ́, oníbàárà ń dúró dè mí. Mo ní níbo ló fi kọ́kọ́rọ́ sí, ó ní kí n jẹ́ kóun ronú. Mo ní iṣẹ́ wo ni ìrònú nídìí kọ́kọ́rọ́. Mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i gan-an ni. Mo ní, 'Má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.' Ó dìde, kò fèsì, ó kọjá sí ẹ̀yìn. Ìgbà tó ṣe, mo gbọ́ gbì. Ẹ̀gbẹ́ ibi tá a ń kó bàtà sí ni mo ti bá a nílẹ̀."

Ó ní àwọn tó fi ọkọ̀ wá gbé e, irin ni wọ́n fi já àgádágodo kí wọ́n tó ráyè wọlé. Wáyà lòun fi ń so gèètì títí di òní.

"Mo kọ́kọ́ rò pé àìsàn ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe wá bá yín. Ẹ ní tó bá ti wù ú. Ó dáa, kò wù ú. Mo ní kó má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ó sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu."

Òjò dínkù, ó ṣí agboòrùn rẹ̀, ó lọ. Ẹyin lohùn. Èyí tí mo jù sílẹ̀ nínú yàrá mi lọ́jọ́ náà, obìnrin yìí ló ń ṣa èèpo rẹ̀ láti ìgbà náà, n kò mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 29

Mo lọ sí wọ́ọ̀dù. Àwọn nọ́ọ̀sì béèrè ẹni tí mo ń wá. Ọ̀kan rò pé mo ṣìnà.

Rẹfirí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ga, ó gbẹ, ọwọ́ òsì rẹ̀ sùn sórí ìrọ̀rí. Àwọn rẹfirí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ògiri lókè orí rẹ̀: ó ń lé agbábọ́ọ̀lù kan jáde, káàdì pupa wà lókè, ojú rẹ̀ le koko. Mo kí i. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi pe orúkọ ìyàwó yín."

Ó la ẹnu. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ètè rẹ̀ gbé ohùn kan, ó jábọ́, ó tún gbé e, ó tún jábọ́. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wò mí bí ẹni tó ń bẹ̀ mí, omi sì jáde lójú rẹ̀.

Mo ti mọ àwọn tó ń yan odì. Ọ̀kan nínú wọn lọkọ mi. Ẹni tó ń yan odì kì í làágùn.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù keje

Mo gbé àwòrán Rẹfirí wálé sínú kọ̀ǹpútà mi. Mo ti wò ó láàárọ̀, mo wò ó lọ́sàn-án. Òsì mọ́ tónítóní. Apá ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé kò ní àbàwọ́n kankan.

Bàbá àwọn ọmọ mi dúró lẹ́yìn mi, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Àwòrán ló ń parọ́ ni, àbí ẹni tó ń kà á?"

Mo ní kó lọ dí òrùlé rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 2

Fọ́tò ni. Kì í ṣe tèmi, ti orí ògiri ni.

Mo padà lọ síbẹ̀ láàárọ̀, mo ń dúró kí nọ́ọ̀sì wẹ̀ fún un tán, mo sì ń wo ògiri nítorí pé kò sí ohun mìíràn láti wò. Káàdì pupa yẹn, ọwọ́ òsì ló wà. Mo ti wò ó lọ́jọ́ Ẹtì, n kò rí i. Èmi tí wọ́n ń sanwó fún nítorí ojú.

Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì ìrìn-àjò.

"Ìyá, ọwọ́ wo lọkọ yín ń lò?"

"Ọ̀tún ni. Wọ́n ti bi mí lọ́jọ́ tá a gbé e dé. Òun ló fi ń kọ̀wé, òun ló fi ń jẹun."

"Tó bá fẹ́ kan ìṣó ńkọ́?"

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń fi wọ́n ṣe bí ẹni tó di òòlù mú, ó fi ọ̀tún gbìyànjú, ó pààrọ̀ rẹ̀.

"Òsì," ló ní. "Ó máa ń fi òsì kàn án. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá fẹ́ ju òkò sájá náà, òsì ni."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ọ̀rọ̀ ń gbé ní òsì ọpọlọ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá òsì wáyé, ti àwọn kan nínú wọn wà ní ọ̀tún. Èmi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èyí lọ́dọọdún. A bi obìnrin yìí ní ọwọ́ tí ọkọ rẹ̀ fi ń kọ̀wé, ó sì dá wa lóhùn òtítọ́. Àwa la béèrè ohun tí kò yẹ ká béèrè.

Ọjọ́rú, 4

Ẹ̀gbọ́n Rẹfirí dé. Ìyá àgbà tó tò bí ọ̀pá, báàgì rẹ̀ lórí itan, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Mo bi í tààrà: nígbà tí àbúrò rẹ̀ wà lọ́mọdé, ọwọ́ wo ló ń lò?

"Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mà. Mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín ni."

Ó wo ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó wò mí. "Òsì ló bá wáyé. Ìyá wa fi aṣọ di ọwọ́ náà mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Èmi gan-an ni mo máa ń so ó láàárọ̀. Kò pẹ́, ó gbàgbé ọwọ́ náà."

"Ọwọ́ ló gbàgbé, mà. Ọpọlọ ò gbàgbé."

"Ṣé ìyẹn ló wá di àìsàn sí i lára?" Ohùn rẹ̀ yí padà. Mo ní rárá, kò kan àìsàn rárá. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Lẹ́yìn náà mo yíjú sí ìyàwó. Mo ti ń tún ọ̀rọ̀ yẹn tò lórí láti ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi ló bọ́. Mo ní, "Ìyá, ohun tí mo sọ fún yín kì í ṣe òtítọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ọkọ yín ń gbé gan-an ló jó. Kò sí ọ̀rọ̀ 'tó bá wù ú' níbẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀ ni. Ẹ forí jì mí."

Ó wò mí títí. N kò ní í bá a wí bó bá gbá mi létí.

"Kì í ṣe pé ó ń bínú sí mi?"

Ó rọrùn láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ohun tí n kò mọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, "Bó ń bínú, bí kò bínú, àwòrán ò lè sọ ìyẹn fún mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bó ń bínú, kò lè sọ ọ́. Bí kò sì bínú, kò lè sọ ìyẹn náà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ jáde kúrò nínú báàgì, ó ń dá wọn padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ilé mi ló ń lọ." Ìyá àgbà ní ta ló ń bínú, pé ilé òun náà kò fi bẹ́ẹ̀ láyè.

Ọjọ́bọ̀, 5

Mo lọ bá Olùkọ́ Ọ̀rọ̀. Mo ní ẹ̀yin lẹ jàre. Ó fi ọwọ́ sétí, ó ní òun ò gbọ́ dáadáa. Mo tún un sọ. Ó ní kí n sọ ọ́ sókè díẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tó wà ní ìsàlẹ̀ náà gbọ́. Lẹ́yìn náà ó mú Rẹfirí sínú àwọn tirẹ̀, ó fi sí ìparí iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì béèrè ohunkóhun.

Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tí kò bá sọ̀rọ̀, á rí i, ìbáà jẹ́ ọ̀tún, ìbáà jẹ́ òsì. Mo yí ìlànà náà padà pẹ̀lú ọwọ́ ara mi.

Ọjọ́bọ̀, 12

Mo gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ Ọ̀gá fún Rẹfirí, lẹ́yìn àríyànjiyàn. A tún ya orí rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí a ń fi àwòrán nǹkan hàn án bó ṣe dùbúlẹ̀, ife, ilẹ̀kùn, ẹyẹ, kó máa gbìyànjú láti pe orúkọ wọn nínú ọkàn rẹ̀. Ibi tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ á tàn.

Òsì ṣókùnkùn. Ọ̀tún ló tàn, yí ibi tó kú ká. Ó tàn gidi. Ọ̀pọ̀ ló kù níbẹ̀. Mo sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé mo lérò pé ó máa sọ̀rọ̀, pé kò ní í rí bíi ti tẹ́lẹ̀, pé ó máa pẹ́. Ó ní, "Ṣé ẹ mọ èyí, àbí ẹ lérò rẹ̀?" Mo ní mo lérò rẹ̀. Ó ní ó dáa.

Ọ̀gá wo àwòrán náà lẹ́yìn mi. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí a ti kọ ọwọ́ rẹ̀ lódì, a lè yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ wa pátápátá, kó má ba èsì jẹ́ níwájú ìgbìmọ̀.

Mo ní, "Bí a bá ń yọ gbogbo ẹni tí a bá ṣì, Ọ̀gá, a ò ní í ṣì mọ́ láé."

Kò yọ ọ́. Òǹkà mi wà níbẹ̀ bó ṣe wà, ení.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17

Ó ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ẹ̀wá! Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Rẹfirí sì ń tẹ̀ lé e. Bí ó bá dá ọ̀kan ṣoṣo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè sọ ọ́, àfi kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Apẹja ní ó ń ka iye agbábọ́ọ̀lù tó kù sórí pápá. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Rẹfirí náà rẹ́rìn-ín, ní ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu.

Ọjọ́ Ajé, 30

Ó ti ń sùn nílé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìyàwó rẹ̀ ń mú un wá lójoojúmọ́, ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ti ní "rárá". Ó ń lò ó fún gbogbo nǹkan, títí kan bẹ́ẹ̀ ni.

Òjò ò tíì dáwọ́ dúró. Bàbá àwọn ọmọ mi ti pe oníṣẹ́ òrùlé. Mi ò sọ nǹkan kan. Ó ní òun mọ ohun tí mi ò sọ.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù kẹjọ

Ọ̀rọ̀ tuntun: "bàtà".

Ó sọ ọ́ sójú ìyàwó rẹ̀, ó ṣe kedere. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ní bóyá ó ń ta á. Ọkùnrin náà ní, "Rárá. Bàtà." Ó wọ̀ ọ́ padà fún un. "Rárá. Bàtà."

Ọjọ́ Ẹtì, 17

Bàtà, bàtà, bàtà. Ìyàwó rẹ̀ ti ra sálúbàtà tuntun fún un, ó ti gbé bàtà ìjáde rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn, ó ti gbé ti ara rẹ̀ pàápàá. Ó ń mi orí. Ó ń gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe ní wọ́ọ̀dù.

Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ ní ọ̀rọ̀ máa ń há sí wọn lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò ní í jẹ́ kí àwọn yòókù kọjá. Mo ní èmi náà ti kà á rí. Àwa méjèèjì fẹnu kò. Ìyàwó rẹ̀ ń wò wá.

Mo rí i pé kì í jókòó sún mọ́ ọn. Ó ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó ń nu ẹnu rẹ̀, ó ń fún un lóògùn. Ṣùgbọ́n àga tirẹ̀ máa ń jìnnà díẹ̀. Ìbéèrè tó bi mí lọ́jọ́sí, bóyá ọkọ rẹ̀ ń bínú sí i, ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tí mo lè gbé ọkọ rẹ̀ sí láti dá a lóhùn. Ó dùn mí.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹsàn-án

Nọ́ọ̀sì lọ wo Rẹfirí nílé. Ẹ̀ta. Ó ń rìn fúnra rẹ̀, wọ́n ń bá a dé bọ́tìnnì, wọ́n ń gbẹnu sọ fún un níwájú ènìyàn. Ọ̀gá ṣí tèmi: ení. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbé súìtì kan sórí tábìlì mi.

Oníṣẹ́ òrùlé ti lọ. Kò jò mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo kọ ìròyìn fún ìgbìmọ̀. Àwòrán ń sọ òtítọ́ lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀, a kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni dúró lẹ́nu ọ̀nà Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ mọ́, kí wọ́n sì gba olùkọ́ kejì. Mo fi Rẹfirí sí ojú ewé kìíní. Ọ̀gá gbé e lọ sí ojú ewé kẹrin. Mo gbé e padà.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Ìyàwó Rẹfirí kan ilẹ̀kùn yàrá mi. Lọ́tẹ̀ yìí kò jókòó. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ kékeré kan ló wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ gbígbẹ sì ti wọ inú eyín rẹ̀.

Ó ní àwọn ẹgbẹ́ rẹfirí wá lánàá, wọ́n béèrè bàtà bọ́ọ̀lù ọkọ òun fún ẹni tuntun kan, nítorí kò lè sáré mọ́. Láti ọjọ́ tó ṣubú ni wọ́n ti sọ bàtà náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó gbé e, ó gbọn ẹrẹ̀ rẹ̀ dànù, kọ́kọ́rọ́ sì jábọ́ látinú ti ẹsẹ̀ òsì.

"Ìrọ̀lẹ́ tó ti pápá dé, bàtà ló gbé lọ́wọ́ nígbà tó ń ti gèètì. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú rẹ̀, ó gbàgbé. Láàárọ̀ yẹn, nígbà tí mo ń bú u, ó rántí. Ibi bàtà ló ń lọ, dókítà. Kì í ṣe pé ó bínú dìde. Ó ń lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá fún mi ni."

Mo rántí gbogbo ìgbà tó ń gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Gbogbo "bàtà" yẹn, tí èmi àti Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ dúró tì í, tí a ní ọ̀rọ̀ ló há.

"Ẹ ti fi hàn án?"

"Mo gbé e sí i lójú. Mo ní, 'Mo ti rí i.' Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, 'Ó pẹ́.'"

Ẹ̀rín pa mí, mo rò pé kò yẹ, mo bojú wo òun náà, ẹ̀rín ló ń rín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Mo bi í pé kí ni yóò wá fi kọ́kọ́rọ́ ṣe, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀. Ó ní kò sí, òun kàn fẹ́ máa mú un rìn. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rántí béèrè.

"Nígbà tó ní ó pẹ́, kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo fa àga mi sún mọ́ ọn," ló ní. "Mo ní, 'Máa bá mi sọ̀rọ̀.'"